Little bluestem nínú ọgbà: bí a ṣe ń gbìn ín tí kò fi ní kú, tí kò sì fi ní dojú bolẹ̀

Lọ́dọọdún ni àwọn èèyàn ń ra koríko little bluestem, tí wọ́n ń gbìn ín, tó sì ń já wọn kulẹ̀. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà já wọn kulẹ̀. Ó lè jẹrà nídìí nígbà òtútù, kó má yọ mọ́ nígbà tí ewéko yòókù ń rúwé. Ó sì lè ga fòfò, kó tutù yọ̀yọ̀, kó wá là sí méjì láàárín lóṣù Kẹjọ, kí gbogbo ewé rẹ̀ sùn sílẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ẹni tó gbìn ín á ní koríko náà ò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Koríko ọ̀dàn ni, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 8. Àkẹ́bàjẹ́ ló ń pa á: omi ojoojúmọ́, ajílẹ̀, ilẹ̀dú inú àpò, èèpo igi tí wọ́n wọ́ jọ sí i nídìí.

Ẹni tó bá mọ eruwà nílé á tètè lóye rẹ̀, torí mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Schizachyrium scoparium ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí, àmọ́ Andropogon scoparius lorúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Andropogon náà sì ni eruwà. Ta ló ń bomi rin eruwà? Ta ló ń fún un ní ajílẹ̀? Ojú yẹn ni kí ẹ máa fi wo little bluestem láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó ń gbé níbi tí koríko náà ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún: Texas, Oklahoma, Kansas, Illinois, Minnesota, títí lọ dé Georgia àti Maryland. Àwọn tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà lè gbìn ín, ṣùgbọ́n kí wọ́n fojú sí ọ̀rọ̀ omi tó ń dúró sílẹ̀ nígbà òtútù ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Àyè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, la fi ṣe ìṣirò yìí. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀.

- Èhù inú ike: 44 bí ẹ bá fẹ́ fi íǹṣì 18 sí àárín ọ̀kan sí èkejì, 25 bí ó bá jẹ́ íǹṣì 24. Èhù kéékèèké tó fẹ̀ ní íǹṣì 2 ti tó. Èyí tó wà nínú ike gálọ́ọ̀nù 1 wọ́n owó, nígbà tó bá sì fi máa di ọdún kejì, ìyàtọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́.
- Tàbí irúgbìn: nǹkan bíi gíráàmù 10 hóró tó yè. Ìṣirò rẹ̀ wà ní ìpele kẹrin.
- Ṣọ́bìrì, réèkì, róbà omi, ike ìbomirin, téèpù ìwọnlẹ̀, sikirúdíráfà tó gùn tó íǹṣì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbọ̀wọ́.
- Páálí ńlá tàbí nàìlọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ó kù sí ọwọ́ ọ̀nà tí ẹ bá fẹ́ fi pa koríko tó wà nílẹ̀.
- Yanrìn bíi ike ìpọnmi 1, fún ẹni tó máa fọ́n irúgbìn.
- Òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀, bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀.

Ẹ má ra ajílẹ̀. Ẹ má ra ilẹ̀dú. Bí olùtajà bá ní àfi kí ẹ fi méjèèjì kún un, ẹ rántí pé ọjà ló ń tà.

Ẹ fara balẹ̀ yan irú èyí tí ẹ máa rà. Èyí tí wọ́n ń pè ní The Blues ní àwọ̀ tó wu ojú, òun náà ló sì tètè máa ń sùn sílẹ̀. Standing Ovation máa ń dúró ṣánṣán, òun ló yẹ ẹni tó ní àyè kékeré níwájú ilé. Blaze ló ń pọ́n jù nígbà ìwọ́wé. Bí ẹ bá fẹ́ kó dà bí ọ̀dàn gidi, tí ẹyẹ àti labalábá máa ń bà sí, ẹ lọ ra èyí tí kò lórúkọ pàtàkì kankan, tí irúgbìn rẹ̀ ti ìpínlẹ̀ yín tàbí ti ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é wá. Èyí tó ti Minnesota wá kò ní gbádùn ooru Houston, bẹ́ẹ̀ ni ti Texas lè má là á já nínú òtútù Minneapolis.

Ìpele 1: Ẹ yẹ ilẹ̀ wò

Oòrùn ló ṣe pàtàkì jù: wákàtí 6 lóòjọ́ ló kéré tán, 8 ló dára. Oṣù Kẹta làwọn èèyàn sábà máa ń yan àyè, nígbà tí igi kò tíì ní ewé lórí. Ibi tí oòrùn ti ń ràn yàà lóṣù Kẹta lè di abẹ́ òjìji lóṣù Kẹfà. Ẹ jáde ní aago 9 àárọ̀, aago 12, àti aago 3 ọ̀sán, lẹ́yìn tí igi ti rúwé, kí ẹ ya fọ́tò ibẹ̀. Bí òjìji bá wà nínú méjì nínú fọ́tò mẹ́ta yẹn, ẹ wá ibòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ bí omi ṣe ń fà sí wò. Kí ẹ tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, ẹ pe 811 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú; ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà. Ẹ wá gbẹ́ ihò tó jìn ní íǹṣì 12, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wọn iye tó fà láàárín wákàtí kan. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí lẹ kà sí, torí ilẹ̀ gbígbẹ a máa mu omi àkọ́kọ́ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, á sì tan yín jẹ.

Bí omi bá fà tó íǹṣì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí wàhálà. Bí kò bá tó ìdajì íǹṣì, gbòǹgbò á rì nígbà òtútù. Ẹ ṣe ebè tó ga ní íǹṣì 8 sí 12 níbẹ̀, kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún switchgrass, koríko ọ̀dàn mìíràn tó lè fara da omi. Ẹ má ṣe da yanrìn díẹ̀ sínú amọ̀ pé ẹ fẹ́ kó rọ̀. Amọ̀ tí a po yanrìn díẹ̀ mọ́ a máa le bíi bíríkì.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fẹ́ lò, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ló burú jù: ebè tí ẹ ti ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ata àti ewúro sí láti ọdún márùn-ún, tí ẹ ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí dáadáa. Ilẹ̀ yẹn ti sanra jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ máa jẹ ìgbádùn rẹ̀. Etí ọ̀nà mọ́tò tó gbẹ táútáú, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí koríko lásán kì í hù dáadáa, ẹ̀gbẹ́ títì tí oòrùn ń pa, ibẹ̀ ni kí ẹ fún little bluestem.

Bí ilé yín bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ìyẹn HOA, ẹ ka ìwé òfin wọn kí ẹ tó náwó. Ní Texas, òfin tó jáde lọ́dún 2013 kò gbà kí HOA ka ọgbà tí a fi ewéko tó ń fara da ọ̀dá ṣe léèwọ̀, àmọ́ wọ́n láṣẹ láti ní kí ẹ kọ́kọ́ kó ètò rẹ̀ wá fún àwọn wò. Maryland náà ní òfin tó jọ ọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2021. Ọ̀pọ̀ ìlú ló sì tún ní òfin tó sọ bí koríko iwájú ilé ṣe lè ga tó. Ohun tó ń pa aládùúgbò lẹ́nu mọ́ ni pé kí ẹ fi koríko gígé tó fẹ̀ tó íǹṣì 18 tàbí òkúta yí i ká, kó hàn pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín ni.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní fọ́tò tó fi oòrùn wákàtí 6 hàn, ẹ mọ iye íǹṣì tí omi ń fà ní wákàtí kan, 811 ti wá, HOA ti fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan kò bá tíì pé, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ìpele 2: Ẹ pa ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹ pa á tán

Níbí ni iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ jù lọ. Èèyàn á kó koríko kúrò lójú ilẹ̀, á túlẹ̀, á gbìn, inú rẹ̀ á dùn fún oṣù méjì. Tó bá di oṣù Kẹjọ, koríko tí wọ́n ń pè ní bermuda á ti gba àárín èhù kọjá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ láìhú èyí tí ẹ gbìn. Ìdí ni pé bermuda ní itàkùn abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ́ tàbí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ bá ti gé e, níbẹ̀ ló ti ń yọ ní ọ̀tun. Torí náà, ẹ má túlẹ̀. Títú ilẹ̀ tún máa ń gbé hóró èpò tó ti sùn sísàlẹ̀ wá sókè, sínú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú koríko tó wà nílẹ̀, torí oògùn kan kọ́ ló ń wo gbogbo àrùn.

*Bí ó bá jẹ́ fescue tàbí bluegrass*, irú èyí tó wọ́pọ̀ lápá àríwá: páálí ti tó. Ẹ gé koríko náà mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ẹ rin ilẹ̀, ẹ tẹ́ páálí ìpele méjì lé e lórí, kí etí ọ̀kan gun orí èkejì ní íǹṣì 6. Ẹ yọ gbogbo téèpù tó wà lára páálí náà. Ẹ da ewé gbígbẹ tàbí èérún igi tó nípọn ní íǹṣì 4 lé e. Tó bá di ìgbà ìrúwé, koríko abẹ́ rẹ̀ á ti kú. Ẹ kó èérún igi yẹn kúrò kí ẹ tó gbìn. Ẹ má rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀.

*Bí ó bá jẹ́ bermuda*, páálí nìkan kò ní ṣe é. Á rá gba abẹ́ rẹ̀ yọ sí òdìkejì. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni oòrùn: láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, ẹ gé koríko náà mọ́lẹ̀, ẹ bomi rin ilẹ̀ kó wọ inú, ẹ tẹ́ nàìlọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara lé e, kí ẹ fi ilẹ̀ bo gbogbo etí rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Nàìlọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ni mo ní, kì í ṣe dúdú: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kó tó lè se ilẹ̀. Ọ̀nà yìí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Texas àti Georgia. Níbi tí ooru kò bá ti mú tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbára lé e.

Èkejì ni oògùn apakoríko tó ní glyphosate nínú. Ọ̀pọ̀ ló ń fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á rí i pé koríko ti pọ́n, tí wọ́n á sì kéde pé iṣẹ́ parí. Kò tíì parí. Ẹ fọ́n ọn nígbà tí bermuda bá tutù tó ń dàgbà lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀dá ti mú un rọ, torí koríko tó ti rọ kì í gbé oògùn lọ sí gbòǹgbò. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ bomi rin ilẹ̀ kí èyí tó kù lè yọ, kí ẹ wá tún fọ́n ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ìgbà ooru kan kò pọ̀ jù. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ike náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fọ́n ọn nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ sì má jẹ́ kó kan ẹ̀fọ́ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tí ẹ lè ti ṣe tí ẹ ti gbàgbé: oògùn tí wọ́n ń dà sórí koríko iwájú ilé ní ìgbà ìrúwé kí èpò tí wọ́n ń pè ní crabgrass má hù. Oògùn yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín hóró crabgrass àti hóró tí ẹ rà lówó. Bí ẹ bá ti lò ó níbẹ̀ láàárín oṣù 4 sẹ́yìn, ẹ má fọ́n irúgbìn. Èhù inú ike ni kí ẹ gbìn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bomi rin ilẹ̀ tó ti ṣófo náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 nínú ooru. Bí ewé tútù kankan kò bá yọ, ilẹ̀ ti ṣe tán. Bí ó bá yọ, ẹ padà sẹ́yìn, kódà bí èyí bá máa ná yín ní ọdún kan.

Ìpele 3: Gbígbin èhù

Ìgbà ìrúwé ló dára jù, lẹ́yìn tí ìrì dídì ti kásẹ̀ nílẹ̀: láti oṣù Kẹta sí Kẹrin ní Texas, oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ Kẹfà lápá àríwá. Koríko ìgbà ooru ni; bí ẹ bá gbìn ín sínú ilẹ̀ tútù, á kàn jókòó síbẹ̀ tí kò ní ta gbòǹgbò. Lápá gúúsù, ẹ lè gbìn ín lóṣù Kẹsàn-án, bí ó bá ṣáà ti ku ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ìrì dídì àkọ́kọ́ tó dé.

1. Ẹ bomi rin èhù nínú ike ní wákàtí kan ṣáájú.
2. Ẹ gbẹ́ ihò tí kò jìn ju ike lọ, kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì rẹ̀.
3. Ẹ yọ èhù jáde, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá ti ń yí po bí òṣùká, ẹ fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, kó jìn díẹ̀. Ẹ má ṣàánú rẹ̀: gbòǹgbò tó ń yí po nínú ike á máa yí po nínú ilẹ̀ náà, koríko á sì máa gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tutù.
4. Ẹ gbé e sínú ihò kí ìdí rẹ̀, ibi tí ewé ti ń yọ, bá ilẹ̀ dọ́gba tàbí kó fi ìdajì íǹṣì ga jù ú lọ. Kò gbọ́dọ̀ rì sísàlẹ̀. Èyí tó bá rì ni omi ń gbárí jọ sí nídìí, òun náà ló sì ń jẹrà lóṣù Kejì.
5. Ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde náà ni kí ẹ dá padà. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
6. Ẹ bu omi sí i: nǹkan bíi lítà 1 fún èhù kékeré, gálọ́ọ̀nù 1 fún èyí tó ti inú ike gálọ́ọ̀nù 1 wá.
7. Bí ẹ bá fẹ́ bo ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ewé gbígbẹ tínínrín ni, kó sì fi íǹṣì 3 jìnnà sí ìdí koríko.

Ẹ ri ọ̀pá kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko fún yín kò mọ̀ pé owó lẹ fi ra “koríko” yẹn, ìṣẹ́jú méjì ló sì máa fi gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ di ewé mélòó kan mú, kí ẹ fà á sókè pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́. Bí ilẹ̀ bá dì í mú, gbòǹgbò ti jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 kún àkókò ìbomirin.

Ìpele 4: Bí ó bá jẹ́ irúgbìn

Irúgbìn kò wọ́n, àmọ́ sùúrù rẹ̀ wọ́n. Hóró rẹ̀ ní irun lára, kì í gba inú ẹ̀rọ ìfọ́nrúgbìn kọjá, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára àpò sì lè tan yín jẹ, torí èèpo àti pòròpórò wà nínú rẹ̀. Ẹ wá iye mímọ́ àti iye tó ń hù lára àpò náà, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Bí 70 nínú 100 bá jẹ́ hóró gidi, tí 80 nínú 100 hóró yẹn sì ń hù, ohun tó yè níbẹ̀ kò ju 56 nínú 100 lọ. Nǹkan bíi hóró 240,000 ló wà nínú páùn kan. Bí ẹ bá fẹ́ hóró 50 fún ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú-lóòró, àyè wa yìí ń fẹ́ hóró 5,000, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 10 tó yè. Nínú àpò tí a ṣírò yẹn, gíráàmù 17 sí 18 lẹ máa wọ̀n.

Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá gbóná tó 60°F. Ẹ po irúgbìn mọ́ yanrìn tó tutù díẹ̀, yanrìn ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ pín in sí méjì. Ẹ fọ́n ìdajì láti àríwá sí gúúsù, ìdajì kejì láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ fi ẹ̀yìn réèkì rá a wọlẹ̀ díẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ti tó, èyí tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ kì í yọ. Ẹ wá fi pákó tẹ́ ẹ, ẹ gun orí pákó náà, kí hóró lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ pákó yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní olùtajà ta irúgbìn òkú fún àwọn.

Ẹ máa wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3. Ìgbà kan ṣoṣo tí omi ojoojúmọ́ bá a mu nìyẹn. Ó sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 7 sí 21.

*Àyẹ̀wò:* kì í ṣe gbogbo nǹkan tútù tó yọ ni tiyín. Ẹ fi ìka méjì di ìdí rẹ̀ mú. Ìdí little bluestem rí pẹlẹbẹ, ó sì máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Crabgrass ní ewé tó fẹ̀ tó ní irun, á sì máa nà gbalaja lórí ilẹ̀. Bí ó bá ṣòro yín láti mọ̀, ẹ má tíì fa nǹkan kan tu.

Ìpele 5: Omi, àti bí a ṣe ń dá a dúró

Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́: ẹ bomi rin èhù ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí 8: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó jinlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn títí ọdún kìíní á fi parí: ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí òjò kò bá rọ̀. Ní ọdún kejì, àfi bí ọ̀dá bá ti tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Láti ọdún kẹta, ẹ gbàgbé róbà omi.

Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló burú jù. Gbòǹgbò ń lọ síbi tí omi wà. Bí omi bá wà lójú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ojú ilẹ̀ ni gbòǹgbò á dúró sí, kò sì ní lè dá dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá rìnrìn àjò lọ sí Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń tú omi fúnra rẹ̀ ní àárọ̀, ẹ yọ àyè yìí kúrò nínú ètò rẹ̀ tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án.

Ní ọ̀sán gangan, ewé rẹ̀ lè ká jọ bí abẹ́rẹ́. Ẹ má sáré gbé omi. Bó ṣe ń dá omi ara rẹ̀ sí nìyẹn. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ padà wò ó: bí ewé bá ti là padà, ara rẹ̀ le, bí ó bá ṣì ká jọ ní aago 7 àárọ̀, omi ló ń fẹ́ lóòótọ́.

*Àyẹ̀wò:* ọjọ́ kejì tí ẹ bomi rin ín, ẹ ki sikirúdíráfà bọlẹ̀. Bí ó bá wọlé dé íǹṣì 6 láìlo agbára, omi ti dé ibi tó yẹ. Bí ó bá dúró ní íǹṣì 2, ojú ilẹ̀ nìkan lẹ fọ̀.

Ìpele 6: Ọdún kìíní

Ohun tí ẹ máa rí lókè kò tó nǹkan. Èyí tí ẹ fọ́n lè má ga ju íǹṣì 6 lọ títí di ìgbà ìwọ́wé. Ìsàlẹ̀ ló ń kọ́lé sí. Ẹ má fi ajílẹ̀ lé e sáré. Naitirojínì inú ajílẹ̀ ni èpò ń jẹ sanra, òun náà ló sì ń mú kí little bluestem rọ̀.

Nínú àyè tí ẹ fọ́n irúgbìn sí, bí èpò bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ gé e sí íǹṣì 6 sí 8. Èpò nìkan ni irin á kàn, oòrùn á sì dé ọ̀dọ̀ èhù. Ẹ lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ọdún tó parí. Bermuda tó bá yọ lẹ́bàá ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tọpa itàkùn rẹ̀ dé ìdí, lọ́sẹ̀ tó yọ gan-an.

Lóṣù Kejì, ẹ rìn yí ọgbà ká. Ilẹ̀ tó ń dì tó ń yọ́ lè ti ti èhù kékeré jáde. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà lọ́jọ́ náà, kí gbòǹgbò tó gbẹ.

Ìpele 7: Gígé

Ẹ má gé e nígbà ìwọ́wé. Ìgbà yẹn ló ń pọ́n bí idẹ, ẹyẹ ń jẹ hóró rẹ̀, ewé gbígbẹ rẹ̀ sì ń ṣíji bo ìdí. Gígé lóṣù Kọkànlá máa ń sọ ìdí rẹ̀ di agolo tí omi ń dúró sí. Oṣù Kejì ni ti Texas. Ìparí oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Kẹrin ni ti àríwá, kí ewé tuntun tó yọ. Ẹ fi okùn so ìdì kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ gé e ní íǹṣì 4 sí 6 sókè ilẹ̀. Ẹ má gé e mọ́lẹ̀ pátápátá: kòkòrò tó máa di àwọn labalábá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní skipper ń sun ìgbà òtútù ní ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn gígé, á pẹ́ kí ewé tuntun tó yọ. Ewéko gbogbo lè ti tutù kí òun tó jí. Ọ̀pọ̀ ló ti hú u dànù lóṣù Kẹrin pé ó ti kú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi èékánná ha ìdí ewé kan. Bí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tutù, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá rọ̀, tó dúdú, tó ń rùn, omi ti pa á. Ẹ padà sí ìpele 1 kí ẹ tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí ó bá dojú bolẹ̀

Ẹ má so ó mọ́ ọ̀pá, ọdún tó ń bọ̀ á tún ṣe é. Ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ̀ sí apá kan ṣoṣo, oòrùn ló ń wá. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó ń ṣíji bò ó tàbí kí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Bí ó bá là láàárín tó sì sùn yí ká, oúnjẹ tàbí omi ti pọ̀ jù. Ẹ wò ó bóyá ajílẹ̀ tí wọ́n dà sórí koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn dé ibẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Bí ó bá dá dúró láìní alábàágbé, ẹ gbin òmíràn tì í ní íǹṣì 18 sí i. Nínú ọ̀dàn, ara wọn ni wọ́n fi ń ró.

Bí àárín ìdì bá ti ṣófo lẹ́yìn ọdún 3 tàbí 4, ẹ pín in. Ìgbà ìrúwé nìkan, tí ewé tuntun bá ti tó íǹṣì 2 sí 3. Ẹ hú gbogbo rẹ̀, ẹ fi ayùn tàbí ṣọ́bìrì mímú là á, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀mùnú 5 ó kéré tán, kí ẹ sọ àárín tó ti kú nù. Ẹ gbìn wọ́n bí ìpele 3, ẹ sì padà sí ètò omi ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ lè kó hóró náà bákan náà, ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, nígbà tí irun funfun rẹ̀ bá ń bọ́ sí yín lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Inú àpò pépà ni kí ẹ ti sá a gbẹ. Ṣùgbọ́n hóró tí ẹ kó lára The Blues tàbí èyíkéyìí tó lórúkọ kì í jọ ìyá rẹ̀.